Jaguar XJS V12: Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Kí Ooru Má Pa Á

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ níbi gbogbo tí mo bá páàkì Jaguar XJS mi sí, ìbáà jẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní Peckham, ìbáà jẹ́ níbi ìkómọ ní Dagenham: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò yìí kì í gbóná ni?" Àwọn tó ti ra tiwọn náà ń pè mí: "Mo ti rà á o. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?" Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ tẹ̀léra tẹ̀léra, kí ẹni tó bá bi mí lọ́la lè rí i kà.

Ìdáhùn mi kò gùn. Ooru ló ń pa ọkọ̀ yìí ju ọjọ́ orí àti iye máìlì lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le gan-an, àmọ́ kò mọ bí a ṣe ń fara da ooru tó kọjá àlà, kódà lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, láti orí omi dé orí pọ́lọ́ọ̀gì, dé orí bíréèkì ẹ̀yìn pàápàá, ọ̀rọ̀ ooru ló so wọ́n pọ̀.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Láti 1975 dé 1996 ni wọ́n fi ṣe ọkọ̀ yìí ní ilé iṣẹ́ Jaguar tó wà ní Browns Lane, Coventry. Gbogbo wọn jọra lójú, ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yàtọ̀, ohun tó sì máa ń ṣe wọ́n yàtọ̀.

- 1975 sí 1981: V12 (ẹ́ńjìnnì sílíńdà méjìlá tó tò ní apá méjì bíi lẹ́tà V) lítà 5.3 àkọ́kọ́. Ó ń mu epo bíi pé wọ́n ń bù ú fún un ni.
- 1981 sí 1993: V12 lítà 5.3 tí wọ́n kọ HE (High Efficiency) sí lẹ́yìn. Èyí ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, òun náà sì ni tèmi.
- Láti nǹkan bí àárín 1989: V12 kan náà, àmọ́ wọ́n ti yọ iná Lucas (ẹ̀rọ tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní iná), wọ́n fi ti Marelli rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Marelli yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.
- Láti 1993: V12 lítà 6.0, gíà mẹ́rin dípò mẹ́ta.
- Sílíńdà mẹ́fà: lítà 3.6 láti 1983, lítà 4.0 láti 1991.

Bí ẹ kò bá tíì rà á, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹ kò ní àyè láti máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òpin ọ̀sẹ̀, lítà 4.0 ni kí ẹ rà. Ọkọ̀ gidi ni, àyè wà nínú rẹ̀ fún ọwọ́ mẹkáníìkì, ìṣòro rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti V12. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn tó ti gbé V12 wálé ni mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ibí lọ.

## Ẹ má sítáàtì rẹ̀ títí ẹ ó fi wo àwọn rọ́bà epo

Mo mọ̀ pé ara yín ti wà lọ́nà láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Láàárín apá méjèèjì ẹ́ńjìnnì, níbi tó rí bí àfonífojì yẹn, ni páìpù epo àti injẹ́tọ̀ méjìlá wà. Lórí àwọn 5.3, rọ́bà kéékèèké ló so wọ́n pọ̀. Ooru ń jókòó sí ojú ibẹ̀, ó ń sè wọ́n lọ́dọọdún, wọ́n á le bí igi, wọ́n á sì ya. Bẹntiróò á wá máa kán sórí irin gbígbóná. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ yìí gbà jóná nìyẹn.

1. Ẹ yọ wáyà òdì kúrò lórí bátìrì. Inú búùtù ni bátìrì V12 wà, ẹ má wá a síwájú.
2. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti ọ̀dọ̀ gíláàsì iwájú ló ti ń ṣí, imú ọkọ̀ ló dè mọ́.
3. Ẹ fi èékánná tẹ rọ́bà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tẹ̀, tó ń dán, tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára, ó ti kú nìyẹn.
4. Bí ọ̀kan bá ti kú, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá sì sí rìsíìtì tó fi hàn pé wọ́n pààrọ̀ wọn láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ pààrọ̀ wọn láìtilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
5. Rọ́bà tí wọ́n tẹ "SAE J30 R9" sí lára ni kí ẹ lò. Rọ́bà epo lásán kò lè gba agbára tí pọ́ńpù fi ń ti epo.
6. Ẹ dá wáyà bátìrì padà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Pọ́ńpù á ké díẹ̀, á dákẹ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo orí rọ́bà, ẹ sì fi imú gbọ́ òórùn.
7. Ẹ tún kọ́kọ́rọ́ yí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ lè sítáàtì.

Ẹ ra ohun ìpaná kan, kí ẹ dè é sítòsí ìjókòó, kì í ṣe inú búùtù lábẹ́ ẹrù.

## Omi: ibí ni iṣẹ́ wà

Alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì yìí àti orí rẹ̀ méjèèjì. Irin líle ni àwọn òrùka tí fáàfù ń jókòó lé nínú orí yẹn. Bí ooru bá kọjá àlà, alumíníọ̀mù á fẹ̀ ju òrùka lọ, òrùka á sì já bọ́ kúrò ní ipò rẹ̀. Nígbà míì kì í ṣe ọjọ́ náà ló ń hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà lẹ ó gbọ́ "kọ́, kọ́, kọ́" láti apá kan, owó yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

### Ẹ fọ rédíétọ̀

Rédíétọ̀ ti AC wà níwájú, ti omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni ewé, irun, iyanrìn àti fóòmù àtijọ́ ń kó sí láti ogójì ọdún wá. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ó máa mọ́ tónítóní lójú yín. Ẹ má gbà á gbọ́.

1. Ẹ tú irin tó bo orí rédíétọ̀ kúrò.
2. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín àwọn méjèèjì láti òkè.
3. Láti ẹ̀yìn síwájú ni kí ẹ ti da omi sí i, kí ìdọ̀tí lè jáde gba ibi tó gbà wọlé. Omi páìpù ilé ti tó. Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára máa ń tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké ara rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní ráyè kọjá mọ́.
4. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná dáadáa, ẹ fi thermometer alátàńná, irú èyí tí a ń nà sí nǹkan láti ọ̀ọ́kán, wọn ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá tutù lójijì, omi kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń dí. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún rédíétọ̀ ṣe kó pààrọ̀ inú rẹ̀.

### Ẹ rọ omi sí i, kí ẹ sì lé afẹ́fẹ́ jáde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a rọ omi títí yóò fi kún ni gbogbo iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ẹ́ńjìnnì yìí lè ba orí kan jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

1. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ páàkì sórí òkè díẹ̀, kí imú ọkọ̀ ga ju ìdí lọ.
2. Ẹ gbé hítà sí ibi tó gbóná jù, kí omi lè ráyè wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀.
3. Ẹ po antifreeze tó wà fún ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù pọ̀ mọ́ omi distilled ní ìdajì-ìdajì. Gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 21. Bí ẹ bá tú omi àtijọ́ dànù, tó sì jẹ́ lítà 13 péré ló wọlé, ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tàbí omi àtijọ́ ló gba àyè yòókù.
4. Ẹ ṣí ìdérí méjèèjì: èyí tó wà lórí páìpù níwájú ẹ́ńjìnnì, àti ti táńkì kékeré tó wà lápá òsì.
5. Láti ti iwájú ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ti máa rọ ọ́, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ ti ń rọ ọ́, ẹ máa fún àwọn rọ́bà ńlá lọ́wọ́. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde.
6. Nígbà tí kò bá gbà mọ́, ẹ rọ táńkì kékeré náà. Ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì máa fi omi kún un bó ti ń lọ sílẹ̀.
7. Ẹ dé ti iwájú, lẹ́yìn náà ti táńkì. Ẹ wà á títí yóò fi gbóná. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.
8. Ní òwúrọ̀, ẹ ṣí i, ẹ tún fi omi kún un. Títí omi yóò fi dẹ́kun lílọ sílẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe èyí. Tèmi gba òwúrọ̀ mẹ́ta.

Ìdérí méjèèjì yẹn, iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Ẹ má pààrọ̀ wọn fún ara wọn. Ẹ sì máa tú omi náà dànù lọ́dún méjì-méjì, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

### Abẹ́rẹ́ gééjì tó lọ sílẹ̀ lójijì

Ẹ ka ibí yìí dáadáa, torí ohun tó dé bá mi ni. Mẹkáníìkì kan, tí n kò ní dárúkọ, bá mi pààrọ̀ omi, kò sì lé afẹ́fẹ́ jáde. Mo ń bọ̀ lójú ọ̀nà A12 lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo rí i pé abẹ́rẹ́ tó wà láàárín lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní, "Ó mà ti tutù o." Mo wà á fún máìlì mẹ́rin sí i. Àṣé omi ti kúrò lára ohun tó ń ka ooru, afẹ́fẹ́ ló ń kà. Ẹ́ńjìnnì ń jó, gééjì ń sọ pé ara rẹ̀ dá. Orí apá kan ló bá a lọ. N kò lè gbàgbé ìrora yẹn, mi ò sì fẹ́ kí ó dé bá ẹlòmíì.

Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tó lọ sókè, ẹ dúró. Abẹ́rẹ́ tó lọ sílẹ̀ lójijì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ dúró kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ.

### Thermostat àti fáànù

Thermostat (fáàfù tó ń ṣí ọ̀nà omi bí ó bá gbóná) méjì ló ní, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa pààrọ̀ wọn pọ̀. Kí ẹ tó de tuntun, ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú omi tó ń hó nínú ìkòkò àtijọ́ kan, kí ẹ rí i fúnra yín pé ó ṣí. Mo ti ra méjì tuntun rí, ọ̀kan kò ṣí rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ àwọn tó ń yọ thermostat dànù pátápátá, bí a ti máa ń ṣe é nílé. Ẹ má dán an wò lórí èyí. Wọ́n ṣe ọ̀nà omi rẹ̀ pé kí thermostat wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, apá kan omi á máa yípo láìdé rédíétọ̀.

Fáànù ńlá, èyí tí bẹ́líìtì ń yí: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ẹ pa á, kí ẹ wo fáànù. Ó yẹ kó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ṣì ń yí wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti kú. Fáànù oníná kékeré tó wà lápá òsì náà gbọ́dọ̀ máa yí fúnra rẹ̀ bí ooru bá pọ̀.

### Bó bá ń gbóná nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ

1. Ẹ pa AC. Ẹ ṣí hítà dé ìparí, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ ó làágùn, ẹ fara dà á.
2. Ẹ gbé gíà sí neutral, ẹ tẹ tòròtù díẹ̀ kí fáànù àti pọ́ńpù omi lè yára sí i.
3. Bí abẹ́rẹ́ kò bá padà láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á.
4. Ẹ má ṣí ìdérí kankan. Ẹ má da omi tútù sórí rẹ̀. Wákàtí kan, ó kéré tán.

## Iná pọ́lọ́ọ̀gì

Ẹnìkan lè tún gbogbo omi ṣe, kí ọkọ̀ ṣì máa gbóná. Ẹ wo iná rẹ̀.

Ti Lucas: nínú distributor (ohun tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì), ọ̀pá kan wà tó ń sún iná síwájú bí ẹ́ńjìnnì bá ń yára. Gírísì tó wà níbẹ̀ máa ń gbẹ, ọ̀pá náà á sì gan. Iná á máa pẹ́ kó tó dé, epo á máa jó nígbà tó yẹ kó ti jáde, ooru rẹ̀ á wá gba inú orí ẹ́ńjìnnì kọjá. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ ìdérí distributor, ẹ di rotor arm (apá kékeré tó ń yí nínú rẹ̀) mú, ẹ fi ọwọ́ yí i díẹ̀ síbi tó bá ti gbà, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fò padà. Bó bá dúró, tàbí tó ń wọ́ padà, ẹ gbé distributor náà sílẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Nínú àwọn tó ti pè mí pé ọkọ̀ ń gbóná láìnídìí, ohun tó ṣe púpọ̀ nínú wọn nìyí.

Ti Marelli: ọ̀nà iná méjì ló wà nínú distributor kan ṣoṣo, sílíńdà mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rotor arm rẹ̀ máa ń jóná láàárín, ọ̀nà kan á sì kú. Sílíńdà mẹ́fà á dúró, mẹ́fà á máa ṣiṣẹ́, ọkọ̀ á sì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan, agbára rẹ̀ nìkan ló dín. Bẹntiróò tí kò jó á máa ṣàn wọ inú catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀), yóò pọ́n bí ẹ̀yinná lábẹ́ ìjókòó yín. Ọkọ̀ ti jó pátápátá rí lọ́nà yìí.

- Bí agbára bá dín ní ìdajì lójijì, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa á, ẹ jáde. Ẹ má ní ẹ fẹ́ fi rọra délé.
- Ẹ má páàkì sórí koríko gbígbẹ.
- Ẹ máa yọ rotor arm lọ́dọọdún, ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tó dà bí ìlà tàbí ihò, ẹ jù ú nù.
- Ẹ má ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà.

### Pọ́lọ́ọ̀gì méjìlá

1. Ẹ́ńjìnnì tútù nìkan. Bí ẹ bá yọ pọ́lọ́ọ̀gì nígbà tí alumíníọ̀mù gbóná, ẹ ó fa thread (ìlà yíyí) inú ihò jáde.
2. Ẹ fi téèpù kọ nọ́ńbà sí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fà á. Bí wọ́n bá ti dàrú, bí iná ṣe ń tẹ̀léra nìyí: 1A, 6B, 5A, 2B, 3A, 4B, 6A, 1B, 2A, 5B, 4A, 3B. A ni apá ọ̀tún tí ẹ bá jókòó sórí ìjókòó awakọ̀, B ni òsì, 1 ló wà níwájú.
3. Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ihò kí ẹ tó yọ ọ́.
4. Lórí HE, pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ní wáṣà. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.635 mm. Ẹ fi ọwọ́ yí i wọlé títí yóò fi dúró, kí ẹ wá fi sípánà kàn án díẹ̀ péré. Àwọn tó ń fi gbogbo agbára dè é ló ń ba orí jẹ́.
5. Àwọn tó wà níwájú fara pamọ́ sábẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi máa ń pààrọ̀ mẹ́wàá, tí á sì gba owó méjìlá. Ẹ ka àwọn àtijọ́ tó kó fún yín.

Nǹkan kan tún wà: ẹ má sítáàtì rẹ̀ tútù láti sún un ní ìwọ̀n ilé méjì, kí ẹ sì pa á. Epo á rin gbogbo pọ́lọ́ọ̀gì yẹn, kò sì ní sítáàtì mọ́ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ti tàn án, ẹ wà á títí yóò fi gbóná.

## Ọ́ìlì àti gíà

Ọ́ìlì 20W-50, ó lé díẹ̀ ní lítà mẹ́wàá, nítorí náà ẹ ra kẹ́ẹ̀gì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, bó ti wù kí n wà á kéré tó. Bí gééjì ọ́ìlì bá wolẹ̀, ẹ pa ọkọ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ má tíì sunkún: ohun tó ń gbé ìròyìn lọ bá gééjì yẹn máa ń purọ́. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi gééjì tirẹ̀ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́.

Gíà mẹ́ta ti GM (General Motors) kì í fa wàhálà. Ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e gba gbogbo gíà kọjá, kí ẹ tó dá a padà sí P.

## Bíréèkì ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn

Kí ọdún 1993 tó dé, ẹ̀gbẹ́ táyà kọ́ ni bíréèkì ẹ̀yìn wà. Ó wà láàárín lábẹ́ ọkọ̀, ó fara ti dífù (ẹ̀rọ tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn méjèèjì). Bó bá ń gbóná, ó ń sè rọ́bà tó di ọ́ìlì dífù mú, ọ́ìlì á sì jò sórí dísìkì. Bí mẹkáníìkì yóò bá ṣe é dáadáa, gbogbo férémù ẹ̀yìn ló máa sọ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé "ó ṣì dára".

- Ẹ gbé ọkọ̀ sórí irin ìdúró tó lágbára. Jáàkì nìkan kò tó, ó lè pa ènìyàn.
- Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀gbẹ́ dífù méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá ti rin ibẹ̀, ẹ gbà pé iṣẹ́ ti dé.
- Lẹ́yìn ìrìn àjò, bí ìdí ọkọ̀ bá ń rùn bí nǹkan tó ń jó, bíréèkì kan ti há.

Bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ wà láàárín ìjókòó awakọ̀ àti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fà á, á di bíréèkì mú, ọ̀pá náà á sì wolẹ̀ padà. Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn pé kò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kó má baà dí ẹni tó ń jáde lọ́nà. Láti tú u, ẹ gbé e sókè, ẹ tẹ orí rẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ kọ́ mẹkáníìkì àti ẹni tó ń bá yín páàkì kí ẹ tó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́.

## Ibi tó ń dógùn-ún sí

Òjò Ìlú Ọba kì í ṣeré. Panẹ́bítà tó bá gbowó kékeré, tó fi pọ́tì dí ihò, ó kan sún ẹkún yín síwájú ni. Ẹ wò:

- abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ní ìtẹ́sẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn
- irin abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, pàápàá ní ìparí rẹ̀ lẹ́yìn
- ibi tí ọ̀pá táyà ẹ̀yìn ti so mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀: bí ibí yìí bá ti jẹrà, ẹ má wà á
- igun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti ti ẹ̀yìn
- yíká táńkì epo lẹ́yìn ìjókòó, nítorí ewé máa ń dí ihò tí omi ń gbà jáde níbẹ̀
- abẹ́ bátìrì nínú búùtù. Kí ẹ rí i pé páìpù kékeré tó ń gbé èéfín bátìrì jáde ṣì wà níbẹ̀

## Bẹntiróò àti ìwé

Ẹ́ńjìnnì HE ń tẹ afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ gan-an nínú sílíńdà (compression ratio 12.5 sí 1), nítorí náà bẹntiróò tí octane rẹ̀ jẹ́ 97 ló fẹ́. Ní Britain, láti September 2021 ni bẹntiróò 95 ti di E10 (èyí tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún), tí ethanol rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Super tí wọ́n kọ E5 sí ni kí ẹ rà. Táńkì rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 90. Ẹ múra sílẹ̀.

Lórí ìwé:

1. Bí ọkọ̀ bá ti lé ní ọdún 40, ẹ lè fi sí ẹgbẹ́ historic (ti ọkọ̀ àtijọ́). Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1 January 1986 lè wọ̀ ọ́ láti 1 April 2026. Ẹ mú V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) lọ sí Post Office tó ń bójú tó owó orí ọkọ̀.
2. Owó orí á di òdo, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Àwọn tó gbàgbé èyí ń gba ìwé ìtanràn.
3. Ọkọ̀ tó bá wà nínú ẹgbẹ́ historic kì í san ULEZ (owó tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú) ní London. Èyí tí kò tíì tó ọdún 40, £12.50 ni lójúmọ́, ní gbogbo àdúgbò London. Pípé ọdún 40 nìkan kò tó, àfi kí ìwé náà ti yí padà. Congestion Charge ti àárín ìlú tún yàtọ̀.
4. MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) kì í ṣe dandan mọ́ fún ọkọ̀ tó lé ní ọdún 40 tí wọn kò yí ara rẹ̀ padà púpọ̀. Èmi ṣì ń gbé tèmi lọ. Ojú kejì lábẹ́ ọkọ̀ lọ́dún kan kò pọ̀ jù.
5. Fún ìnṣọ́ránsì, ẹ béèrè irú èyí tí ẹ̀yin àti wọn ti jọ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ ṣáájú. Ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì.

Àwọn kan ń béèrè bóyá àwọn lè fi ránṣẹ́ sí Èkó. Èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe é. Òfin ọjọ́ orí ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé á dè yín lọ́nà, bẹntiróò ibẹ̀ kò sábà dé 97, ooru àti go-slow á sì jọ dojú kọ ẹ́ńjìnnì tí mo ti ń ṣàlàyé rẹ̀ láti òkè wá.

## Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú búùtù

- lítà márùn-ún omi tí ẹ ti po mọ́ antifreeze
- bẹ́líìtì kan sí méjì, àti rotor arm tuntun
- thermometer alátàńná, tọ́ọ̀ṣì, ìbọ̀wọ́
- téèpù tó ń di rọ́bà omi, ìdè rọ́bà oríṣiríṣi
- nọ́ńbà ẹni tó ń fi ọkọ̀ ńlá gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́. Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó gbé e sórí pẹpẹ, kó má fa táyà ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀.